MO MỌ̀ ÀTI MO GBÀ GBỌ́: OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ FÌLỌ́SỌ́FÌ KỌ́ WA

 

Lọ́dọọdún tí àwọn ọmọ wa bá ń wá ọ̀nà láti wọ yunifásítì ni irú ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn òbí. Bí ọmọ bá ní ìmọ̀ ìṣègùn ni òun fẹ́ kọ́, inú gbogbo ilé á dùn. Bí ó bá ní ìmọ̀ òfin ni, wọ́n á ti máa pè é ní lọ́yà kí ó tó gba fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá gbé ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì fún un, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, gbogbo ilé á fajú ro. Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Dókítà ń wo aláìsàn, ẹnjiníà ń kọ́ afárá, kí ni onífìlọ́sọ́fì ń ṣe tí a lè fi ojú rí?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, ìwé ẹ̀rí dípúlómà ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni a sì ní. Bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ ọba ni wọ́n kọ́ wa níbẹ̀. Ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, àti ìjíròrò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ náà jù wá lọ, ni a fi mọ ìwọ̀nba tí a mọ̀ nínú fìlọ́sọ́fì. Nítorí náà, a kò ní kó ọ̀rọ̀ ńláńlá dà sí yín létí. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ, ó sì jẹ́ ohun tí èdè Yorùbá ti ní nínú kí wọ́n tó bí wa: kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ó gbà gbọ́, kí ó sì máa jẹ́ kí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́.

ÀWỌN OLÙKỌ́ IFẸ̀ ÀTI ÀWỌN ONÍṢÈGÙN ÈKÌTÌ

Ní ọdún 1986, ìwé kan jáde ní London tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn olùkọ́ méjì ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ọ̀kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú fìlọ́sọ́fì ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1982. Èkejì ni Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó ti ń jẹ́ Obafemi Awolowo University láti 1987, ni àwọn méjèèjì ti jọ ṣe olùkọ́.

Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò jókòó sí inú ilé ìkàwé nìkan. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì, wọ́n sì jókòó tì wọ́n fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n lọ gbà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bi wọ́n: bí ẹ bá ní ẹ mọ nǹkan, kí ni ẹ ní lọ́kàn? Bí ẹ bá ní ẹ gbà á gbọ́ ńkọ́? Wọn kò wo àwọn àgbà náà bí ẹni ń wo ìran. Wọ́n kà wọ́n sí ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ronú.

Ohun tí wọ́n bá bọ̀ yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́. Lójú àwọn àgbà wọ̀nyí, ènìyàn kò lè sọ pé òun mọ nǹkan àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣojú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Gbogbo ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ bàbá ẹni, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ inú ìwé ni a ti kà á, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: gbà, àti gbọ́. Ohun tí a gbọ́ tí a sì gbà. Bí ìgbàgbọ́ bá ṣe é dán wò, kí a dán an wò. Bí ó bá yege lójú wa, ó di ìmọ̀. Bí kò bá ṣe é dán wò, kí a jọ jókòó, kí a gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe pè é ní ìmọ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tí ó ka ìwé ìtàn lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun mọ̀ pé ogun kan jà ní 200 ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ní ti àwọn àgbà Èkìtì, ọmọ náà gbà á gbọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ti kọ ọ́ rí pé àwa aláwọ̀ dúdú kì í béèrè ìdí, pé ohun tí bàbá bá ti sọ ni ọmọ ń gbé mì. Ẹ wá wò ó: nínú èdè méjèèjì, èwo ni ó ń tètè pe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ní ìmọ̀?

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ ATHENS SỌ

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí èyí. Ní ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Socrates, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè títí wọ́n á fi rí i pé ohun tí àwọn rò pé àwọn mọ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pa á ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kọ ìwé kan tí ó pè ní Theaetetus. Nínú rẹ̀, Socrates fi àwọn tí ń dá ẹjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ja ènìyàn lólè. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn, tí wọ́n sì dá ẹjọ́ tí ó tọ́, ìgbàgbọ́ tí ó tọ́ ni wọ́n ní. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ nìkan ni ó ní ìmọ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú oníṣègùn Èkìtì kan, yóò ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ọ̀mọ̀wé Sophie Oluwole, ọmọ Igbara-Òkè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ó gba oyè dókítà nínú fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1984, tí ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó kí ó tó papò dà ní 2018, fi odindi ìwé kan gbé Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹnu ọmọ ẹ̀yìn ni a ti gbọ́ wọn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ pa òfin Èkìtì mọ́, gbogbo ohun tí àwa náà sọ nípa Athens lókè yìí, a gbà á gbọ́ ni. A kò mọ̀ ọ́n.

Àwa tí a sì ń gbé àárín àwọn Hausa mọ̀ pé ọgbọ́n náà kò jìnnà sí wọn. Wọ́n ní: gani ya kori ji, rírí ti lé gbígbọ́ lọ. Tiwa ni pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Èdè yàtọ̀, ọgbọ́n kan náà ni.

ÌGBÀGBỌ́ KÌ Í ṢE IRỌ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bu ìgbàgbọ́ kù. Bí a bá ní kí a máa gbé pẹ̀lú ohun tí a fi ojú rí nìkan, a ò ní lè jáde nílé. Ta ni nínú wa ni ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun? Ìyá wa ni ó sọ fún wa, a sì gbà á gbọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ orí pé méjì, ti ilé wà, ti ìwé wà, àwọn méjèèjì kì í sì í fi ìgbà gbogbo pàdé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá kọ́ fìlọ́sọ́fì, yóò kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn bàbá wa gba ẹ̀sìn Kristi, orúkọ tí wọ́n gbà ni onígbàgbọ́. Wọn kò pe ara wọn ní onímọ̀. Òótọ́ inú wà nínú orúkọ náà. Ẹni tí ó bá sọ pé mo gbà gbọ́ ń sọ pé mo ní ẹni tí mo fọkàn tán, mo sì dúró lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀sìn méjèèjì tí ó wà láàárín wa ni ó sì kọ́ wa kí a máa wádìí. Súrà Hujurat nínú Kùránì pàṣẹ pé bí ẹni tí a kò lè fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a má baà ṣe àwọn ẹlòmíràn ní ibi láìmọ̀. Ìwé Òwe náà bu ẹni tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ kí ó tó gbọ́ ọ tán.

Ohun tí ó burú ni kí a gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹlòmíràn, kí a wá máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣojú wa. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di iná.

OHUN TÍ A TI FI ARA WA RÍ

Ní 20 Oṣù Keje 2014 ni àrùn Ebola wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kan: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Mélòó nínú wa ni ẹbí kò pè láti ilé ní òru? Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ènìyàn méjì kú ní Jos nítorí omi iyọ̀ yìí, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó pè wá fẹ́ràn wa. Kò pa irọ́. Ẹnìkan tí òun náà fẹ́ràn ni ó pè é. Ìfẹ́ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, kò sì sí ẹnìkan lójú ọ̀nà tí ó dúró béèrè pé ta ni ó rí ẹni tí iyọ̀ wò sàn.

Ti àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2003, àwọn aṣáájú kan ní Kano, Zamfara àti Kaduna tiwa yìí ní kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí wọ́n kán oògùn náà sí ọmọ lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó gbòde pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kano dá iṣẹ́ náà dúró títí di àárín 2004, àrùn náà sì ti ibí tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pe àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní òmùgọ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer ti dán oògùn titun kan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ tí wọn kò bá ìjọba Kano parí àfi ní 2009. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Kí ni ó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà? Èébú kọ́. Wọ́n gbé oògùn náà lọ fún àyẹ̀wò, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn sì wà lára àwọn tí wọ́n bá a lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni Kano gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ohun tí àwọn oníṣègùn Èkìtì sọ gan-an nìyẹn: bí ìgbàgbọ́ bá ṣe é dán wò, ẹ dán an wò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dun wá jù. Ará Ìpínlẹ̀ Kaduna wo ni yóò gbàgbé Oṣù Kejì àti Oṣù Karùn-ún 2000, nígbà ọ̀rọ̀ Ṣàríà? Tàbí Oṣù Kọkànlá 2002, nígbà ọ̀rọ̀ ìdíje Miss World? Tàbí Oṣù Kẹrin 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, nígbà tí iná náà dé Zaria? Ìdí àwọn ìjà wọ̀nyí ju àhesọ lọ; ìṣèlú wà ńbẹ̀, ẹ̀sìn wà ńbẹ̀, ìṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àhesọ ni epo tí wọ́n ń dà sí iná. "Wọ́n ti ń bọ̀." "Wọ́n ní wọ́n ti sun gbogbo ilé tí ó wà lápá ọ̀hún." Ta ni wọ́n? Hausa á ní "an ce", àwa á ní "wọ́n ní", kò sì sí èyí tí ó ní ojú tàbí orúkọ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwa Yorùbá Zaria, nínú ilé kan ṣoṣo ni a ti ń rí Àlàájì àti Díákónì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. A gbọ́ Hausa, a ní ọ̀rẹ́ nínú Birnin, a sì ní ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí apá kan ń sọ ń dé etí wa, ti apá kejì náà ń dé etí wa. Bí a bá ń gbé àhesọ láti apá kan lọ sí apá kejì, àwa ni afárá tí iná ń gbà kọjá. Bí a bá sì dúró, tí a béèrè, iná lè kú sí ọwọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Nínú gbogbo ohun tí a kà, ìbéèrè mẹ́ta ni a mú dání, àwọn ni a sì fẹ́ fi lé ẹ̀yin náà lọ́wọ́.

Èkíní: ta ni ó rí i? A kò ní ta ni ó sọ ọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ní àṣà kan tí ó dára nípa èyí. A kì í kọ "wọ́n ní" sínú fáìlì. Bí o bá ní ọ̀gá ti fọwọ́ sí nǹkan, o gbọ́dọ̀ tọ́ka sí nọ́ńbà ojú ìwé tí ó wà, kí ẹni tí fáìlì kàn lè ṣí i kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ilé ẹjọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ kí ẹni tí ó rí nǹkan wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, àfi ní ìwọ̀nba ibi tí òfin yọ̀ǹda.

Èkejì: ǹjẹ́ ó ṣe é dán wò? Bí ó bá ṣe é dán wò, kí ni ó dé tí a kò dán an wò? Wọ́n ní akápò ẹgbẹ́ kó owó jẹ. Ó dára, ìwé ìṣirò wà, ìwé báńkì wà, òun fúnra rẹ̀ sì ní ẹnu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀kẹta: bí kò bá jẹ́ òótọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ní 1877, oníṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. K. Clifford, kọ nípa ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ti gbó, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ara rẹ̀ nínú títí ó fi gbà gbọ́ pé yóò gúnlẹ̀, tí ó sì kó èrò sí i. Ọkọ̀ rì. Clifford ní ọkùnrin náà jẹ̀bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tọkàntọkàn ni ó gbà á gbọ́, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ni ó fi san owó ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó sì fi kún un pé bí ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ó ṣì jẹ̀bi. Ẹ fi ọkọ̀ akérò tí bíréèkì rẹ̀ kò dára, tí awakọ̀ rẹ̀ ń pariwo "Ọlọ́run á ṣọ́ wa" ní ibùdókọ̀, rọ́pò ọkọ̀ ojú omi náà, ẹ ó sì rí i pé kò jìnnà sí wa.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí wọ́n bá ké pé iná ń jó, ṣé kí n kọ́kọ́ béèrè ta ni ó rí i? Rárá o. Kó ọmọ rẹ jáde. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, kò sí ẹni tí ó pàdánù ju oorun lọ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kẹta fi ṣe pàtàkì jù. Ohun tí a gbọ́ lè tó láti fi ti ilẹ̀kùn, láti fi tètè lọ mú ọmọ ní ilé ìwé. Kò tó láti fi gbé ohun tí ó lè pa ènìyàn mì. Kò sì tó rárá láti fi gbé ọwọ́ lé aládùúgbò, tàbí láti fi ba orúkọ ẹni jẹ́. Àhesọ tó fi sá. Kò tó fi lu ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bá fìlọ́sọ́fì pàdé ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ, kí ẹ sì máa bi í ní ohun tí ó kọ́. Ẹni tí ó lè dúró láàárín èrò tí ara wọn ti gbóná, kí ó sì béèrè pé "ta ni ó rí i?" ń ṣe iṣẹ́ tí ó ṣòro. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé "mo rí i" tàbí "mo gbọ́ ọ". Bí ẹ kò bá lè kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ pa á rẹ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú yín ní ìpàdé, ẹ má ṣe jẹ́ kí "wọ́n ní" jókòó lórí àga ẹlẹ́rìí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa rí ara wa ní ọdọọdún. Kí àlàáfíà jọba ní Zaria, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna àti ní Nàìjíríà lápapọ̀. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa pa ẹni tí ojú wa kò rí. Àṣẹ.